Kí ẹ tó pe ọmọ yẹn ní àjẹ́, ẹ bèèrè jẹ́nótáìpù yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fídíò ọmọdé tó ń "jẹ́wọ́" àjẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp mọ́. Ọmọ tí wọn ò fún lóúnjẹ, tí wọ́n nà títí ojú ẹ̀ fi wú, tí àwọn àgbàlagbà wá rọ̀gbà yí ká, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Á ní òun fò. Á ní òun bá wọn jẹ ẹran nípàdé òru. Ìtàn ẹyẹ àti ìkòkò ẹ̀jẹ̀ tó ń rò fún yín yẹn, ṣebí inú fíìmù tí ẹ jọ ń wò ní pálọ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Ẹ tún wo irú ọmọ tí ẹ̀sùn àjẹ́ máa ń bọ́ sí lọ́rùn. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ti kú. Ọmọ orogún. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti abúlé. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, òun náà la tún ń pè lájẹ̀ẹ́ tí ọjà ò bá tà. Àjẹ́ yìí mà kúkú mọ ẹni tí kò ní alágbàwí o!

Àwọn kan á ní Akwa Ibom nìyẹn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa. Òótọ́ ni pé ariwo tibẹ̀ pọ̀. Wọ́n lé ọmọ wẹ́wẹ́ sí títì títí ìjọba ibẹ̀ fi ṣòfin lọ́dún 2008 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Síbẹ̀, oṣù kìíní ọdún 2016 ni fọ́tò obìnrin ará Denmark kan tó ń fún ọmọ bí ọdún méjì tí wọ́n pè lájẹ̀ẹ́ lómi mu níbẹ̀ káyé já, ọmọ náà wà níhòòhò, ó ti rù kan eegun.

Ṣùgbọ́n ta ló ni òwe "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ"? Àwa náà ni. À ń pa á bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá sí kóòtù. Jẹ́nótáìpù ńkọ́, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ wa? Tọkọtaya tí wọ́n jọ jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ni pé kó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àkọ́bí lè kú, èkejì kú, kí ẹ̀kẹta yè torí pé ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó yè yìí gan-an ni wọ́n á wá sọ pé ó jẹ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀! Ara bàbá àti ìyá ni ọ̀ràn wà. Láyé àtijọ́ àbíkú là ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀, a ń fi abẹ sá òkú ọmọ lára kó má baà padà wá.

Wárápá náà ńkọ́? Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀? Ọmọ tó ń tọ̀ sílé? (Àwọn bàbá wa so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ atọ̀ọ́lé lára ni, ó burú, àmọ́ wọn ò torí ẹ̀ pa á.) Lọ́dún 2010, Kristy Bamu, ọmọ ọdún 15, lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ṣe Kérésì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tọ̀ sára. Ni ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ bá ní àjẹ́ ni, ni àwọn méjèèjì bá dá a lóró títí ó fi kú lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ sọ wọ́n sí.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kó ní àjẹ́ ò sí. Wọn á ti lé e jáde kó tó parí gbólóhùn. Nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìtọ́jú aláboyún, ṣebí wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Kí orin jẹ́nótáìpù àti ti wárápá wọ ibẹ̀. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà ka abala 210 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sétí ìpàdé: ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura.

Wòlíì tó bá sì ní ọmọ yín ló ń dí yín lọ́nà, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ rí nǹkan mú lọ sí tẹ́ṣàn.