Ta ló yẹ kó yan àwọ̀ ilẹ̀kùn mi?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Fúláàtì 24 ló wà nínú ilé alájọni wa, kálukú ló ra tiẹ̀. Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ṣòfin lórí bí ìta ilé ṣe máa rí: àwọ̀ ilẹ̀kùn, aṣọ fèrèsé, díìṣì, ìkòkò òdòdó, aṣọ sísá ní bákónì. Báwo la ṣe máa ṣe é tí ò fi ní jẹ́ ìrẹ́jẹ?

Adéwálé_K: Èèyàn ra ilé tán, ó tún ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ará ilé. Owó mi ni mo fi ra tèmi. Àwọ̀ tó bá wù mí ni mo máa kun ún.

Ìyá Ìbejì: Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú fúláàtì lo rà. Ògiri ìta, òrùlé, àtẹ̀gùn, gbogbo yín lẹ jọ ni ín. Nínú ìwé àdéhùn ilé míì, ojú ìta ilẹ̀kùn náà wà lára ẹ̀. Ka ìwé rẹ dáadáa.

Adéwálé_K: "Ka ìwé rẹ"? Ìwọ àti ta? Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún!

Ìyá Ìbejì: Àwòrán ọmọ ìkókó lẹ fi síbẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣe tiyín.

Akunlé: Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe. Ẹ má kọ "búlúù" nìkan sínú òfin o. Búlúù iléeṣẹ́ kan ò jọ ti èkejì, oòrùn sì máa ń pa á dà. Nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ ọ̀dà fún àwọ̀ náà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ fún wọn ní mẹ́rin márùn-ún kí wọ́n yàn. Ilẹ̀kùn tí oòrùn ń lù, ẹ má kun ún ní dúdú, ooru lè jẹ́ kó wọ́.

Tèmi-yéè: Mi ò ka gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ ta ló ní ká má sáṣọ? Ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kó ti gbẹ?

Olóyè Bákónì: Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ará òkè mi já bọ́ sínú tíì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi fara mọ́ òfin 😂

Tèmi-yéè: 😂😂 Ṣé ó wá gbà á?

Olóyè Bákónì: Ó ní kì í ṣe tòun.

Ṣọlá: Ẹ má fi ṣàwàdà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé mi nítorí ìkòkò òdòdó mẹ́ta. Mẹ́fà ló wà ní bákónì alága! Àbẹ̀kẹ́, òfin tó bá máa de ayálégbé, kó de alága náà. Ohun tó ti wà kí òfin tó dé, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi gbó. Ẹ sì jẹ́ kẹ́ni tí wọ́n bá wí rí ibi tó ti máa sọ tẹnu ẹ̀, lọ́dọ̀ ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹni tó wí i.

Tèmi-yéè: Òdòdó wo ni?

Ṣọlá: Kí ni tòdòdó nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ?

Ọmọ Àjò: Ẹ kọ́kọ́ wo òfin ìlú yín. Ní Amẹ́ríkà níbí, láti 1996, ẹgbẹ́ onílé ò lè ní kéèyàn má gbé díìṣì tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ sí bákónì tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ti òrùlé àjọni ò sí nínú ẹ̀.

Adéwálé_K: Ẹ ò rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀! OWÓ MI NI MO FI RÀ Á.

Ìyá Ìbejì: Díìṣì ló ń sọ, Bàbá, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá kun tiyín bí ata, èmi tí mo fẹ́ ta tèmi lónìí ń kọ́?

Adéwálé_K: Èmi kọ́ ni bàbá yín.

Ìyá Ìbejì: Kí wá ni kí n máa pè yín? "Ìwọ" ò dáa, "Bàbá" ò dáa!

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ fi àgbà fún wọn. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ káyé ó gún.

Ìyá Ìbejì: Mo ti bẹ̀ wọ́n! Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni?

Adéwálé_K: Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé o. Mo ti kọ ti nọ́ńbà àwọ̀ àti ti Ṣọlá sílẹ̀. Ti aṣọ fèrèsé ń kọ́? Ẹnikẹ́ni?

Tèmi-yéè: Olóyè, àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn dà?

Olóyè Bákónì: Ó ṣì wà lórí okùn mi. Mo fọ̀ ọ́.