Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì ṣọgbà ẹ̀fọ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́

Bàbá kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn níbí, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni wọ́n ń gbìn sétí odò, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Mo kọjá ní Sátidé, mo rí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn méjì, èyí tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ti so ó mọ́ igi yí ebè ká kí adìyẹ má baà wọlé. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ṣọgbà, àwọn ọmọọmọ yín ńkọ́? Wọ́n ní "Ìyá Tọ́lá, fèké ni. Ẹ̀fọn ń bà lé e, kì í kú, wọ́n kàn ń tan mẹ̀kúnnù ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ibà dá àbígbẹ̀yìn inú àwọn ọmọọmọ yẹn dùbúlẹ̀, èmi ni mo gbé e sẹ́yìn lóru lọ síbi tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ gbóná bí ààrò.

Àwọn tó ń pín in lórí WhatsApp pé òyìnbó ló lọ da ẹ̀fọn pọ̀ ní láàbù kó má baà kú mọ́, mi ò ráyè yín lónìí. Ẹ̀fọn ló ń fẹ́ra wọn, kò sẹ́ni tó bá wọn ṣalárinà. Nínú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, Anopheles gambiae wà, Anopheles coluzzii wà, ojú lásán ò lè yà wọ́n, 2013 gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún coluzzii lórúkọ tiẹ̀, wọ́n fi sọrí Mario Coluzzi, ará Ítálì tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀fọn Áfíríkà. Gambiae fẹ́ràn omi òjò tó dá rogún, coluzzii fẹ́ràn omi tí kì í tètè gbẹ, bí oko ìrẹsì. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn akọ á kóra jọ sójú òfurufú, abo á wá bá wọn níbẹ̀, ìran kálukú ló sábà máa ń fẹ́, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan abo á ṣì wọ agbo onílé kejì. Ọmọ tí wọ́n bá bí kì í sì í yàgàn bí ìbaaka, òun náà á bímọ ni.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Oògùn ara nẹ́ẹ̀tì, iṣan ẹ̀fọn ló ń mú tó fi ń ṣubú lulẹ̀. Àbùdá kan wà lára gambiae, tí òbí ń bí mọ́ ọmọ, tí kì í jẹ́ kí oògùn yẹn ríbi dì mú. Nígbà tó di 2000, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí àbùdá yìí kan náà lára àwọn tá à ń pè ní coluzzii lónìí, ní Benin tó múlé tì wá yìí, ara gambiae ló sì ti gbà á. Ní Mali náà, àsìkò tí wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì káàkiri ló gbilẹ̀ láàárín wọn. Nẹ́ẹ̀tì wá di fèké níbo? Tẹ́ ẹ bá sùn sábẹ́ ẹ̀, tí kò ya, ẹ̀fọn ò lè dé ara yín, yálà ó kú tàbí kò kú! Èyí tó ní oògùn oríṣi méjì náà ti wà báyìí, èkejì ò sì gba ọ̀nà iṣan wọlé.

Mo padà lọ bá Bàbá lálẹ́ Sunday, mo rò gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "kí ló wá kọ́kọ́ kọ́ gambiae láti má kú?" Ẹ̀rọ ìfínoògùn wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo gba ike oògùn yẹn lọ́wọ́ wọn, mo kà á, ìran kan náà ni pẹ̀lú ti ara nẹ́ẹ̀tì. Mo rántí pé àwọn onímọ̀ ní Benin ti kọ ọ́ pé oògùn tí wọ́n ń fín sóko ẹ̀fọ́ àti òwú máa ń ṣàn wọ omi tí ẹ̀fọn ń yé sí, èyí tó bá yè níbẹ̀ ló máa bímọ. Mo ní Bàbá, ẹ ò lè dín in kù ni? Wọ́n ní "ìwọ lo máa ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó o bá wá ra ẹ̀fọ́."

Òótọ́ ni, mo máa ń ṣà á.

Wọ́n tú nẹ́ẹ̀tì kan fún mi kí n tó lọ. Ó ti ya níbi méjì, mo ń fi òwú rán an báyìí kí n gbé e padà fún àwọn ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ nípa ike oògùn yẹn.