Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ti Òkè Òkun Wá Gba Akàndá Ọmọ Tọ́

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìlọrin, ní Ọ̀ffà tàbí ní Òmù-Àrán, àwọn àgbà á wo ìdílé rẹ̀, wọ́n á wo ipò tí ilé wà lọ́jọ́ tó dáyé, kí wọ́n tó pè é lórúkọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Houston tàbí Chicago láti wá gba ọmọ tọ́, pàápàá ọmọ tó jẹ́ akàndá ẹ̀dá, òwe yìí kàn án gan-an. Àánú ló ń gbé ọ̀pọ̀ wá, ojú ló kúkú ń rójú ṣàánú. Ṣùgbọ́n àánú tí kò wo ilé kì í pẹ́ rẹ̀ ẹni, ọmọ ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Òfin ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ lowó àti ọdún ti ń ṣòfò jù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Kwara náà ti ṣe tirẹ̀, sọ pé ẹni tó fẹ́ gbọmọ tọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ẹni ọdún 25, kó fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ ó kéré tán, kó sì ti gbé ní ìpínlẹ̀ tí ọmọ wà fún ọdún 5. Ó gbọ́dọ̀ ti fi tó wẹ́fíà (ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ) létí ní oṣù 12 ṣáájú kí kóòtù tó fọwọ́ sí i, kí ọmọ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 3 gbáko láìjá. Ìwé tí wọ́n ń gbà kò le: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ìwé àyẹ̀wò ìlera láti ọsibítù ìjọba. Ọdún 5 yẹn ló le. Ẹni tó ti ń gbé Chicago tipẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí ọdún 5 Ìlọrin?

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníbàjẹ́ ti ń wọlé. Wọ́n á ní àwọn á bá yín gba ìwé ọjọ́ ìbí tó máa sọ pé inú yín lọmọ ti jáde. Ẹ má gbà. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba tó ń fúnni ní físà lè ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA, irọ́ á sì tú síta. Kò ní sí físà mọ́, ẹjọ́ á dé, ọmọ tó ti ń pè yín ní mọ́mì á sì padà sí ilé ọmọ òrukàn. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ mú lọ́yà dání, kẹ́ ẹ sì gba èsì gbogbo lórí ìwé.

Òfin tòkè òkun náà wà níwájú. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tó tọwọ́ bọ àdéhùn Hague ti 29 May 1993 lórí gbígba ọmọ tọ́ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ọmọ òrukàn ni Amẹ́ríkà ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà. Fọ́ọ̀mù I-600A ni wọ́n fi ń yẹ òbí wò, I-600 ni ti ọmọ, ọmọ ò sì gbọdọ̀ tíì pé 16 nígbà tí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, àfi bó bá jẹ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ ń gbà. Wàyí o, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Texas fẹ́ gba ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Òró, ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an-ran. Ìyá rẹ̀ wà láyé, bàbá rẹ̀ wà láyé, àwọn méjèèjì ló jọ ń tọ́jú rẹ̀. Lójú òfin yẹn, kì í ṣe òrukàn, bó ti wù kí àìlera rẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbà á tọ́ kó tó pé 16, kí òbí àti ọmọ sì ti jọ gbé pọ̀ fún ọdún 2 pẹ̀lú àṣẹ òfin. Ìyẹn ni pé ẹnì kan nínú tọkọtaya á wá gbé nílé. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi ìdènà sórí gbígba ọmọ láti Nàìjíríà láti March 2021.

Ṣé ọmọ náà tiẹ̀ nílò àtilọ sókè òkun? Abala 21 nínú Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti 1989, fi gbígbé ọmọ kọjá ààlà sí ẹ̀yìn ìtọ́jú tó yẹ nílé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ láti inú wá, POP (ẹfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀) ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bíi 5 sí 7 ló sábà máa ń tò ó, lẹ́yìn náà dókítà á la iṣan gìgísẹ̀ díẹ̀, ọmọ á wá wọ bàtà onírin fún wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, kó tó di tòru nìkan títí yóò fi tó ọmọ ọdún 4 tàbí 5. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn òbí ń jù bàtà náà nù ní kété tí ẹsẹ̀ bá ti nà, ẹsẹ̀ á sì tún wọ́ padà. Owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù nirú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá, kì í ṣe físà. Ọmọ odi tàbí afọ́jú náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní iléèwé àwọn akàndá tí ìjọba Kwara ní ní Ìlọrin.

Bí ó bá wá dá yín lójú pé ọmọ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ wo ìwé ìlera rẹ̀ kínníkínní. Ẹ má gba "ọmọ náà lọ́ra díẹ̀" gẹ́gẹ́ bí àlàyé. Ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ibà pọ́njú ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹyinjú rẹ̀ di yẹ́lò, tí wọ́n gbé e sóòrùn dípò kí wọ́n gbé e dé ọsibítù? Ibà pọ́njú tó gun ọpọlọ wà lára ohun tó ń sọ ọmọ wa di aláìlègbápá-gbẹ́sẹ̀ tàbí tó ń di í létí, káńfọ̀ inú aṣọ ọmọ sì lè dá a sílẹ̀ lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ẹ ní kí wọ́n wọn yíká orí rẹ̀: bíi sẹ̀ǹtímítà 35 ni ti ọmọ tuntun, bíi 46 ni tọmọ ọdún kan. Kí wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù àti etí wò. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ní Down syndrome (àìlera àbínibí tó ń mú ọpọlọ lọ́ra), kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, torí nǹkan bí ìdajì wọn ló ní àbùkù ọkàn.

Ẹ béèrè fídíò ibi tó ti ń jẹun, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun. Bó bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá mu ògì ṣíṣàn, oúnjẹ lè máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ gbé e jókòó ṣánṣán, kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ògì ki, kí ṣíbí má kún ju ìdajì lọ, kó sì dúró kó gbé ti àkọ́kọ́ mì kó tó fi òmíràn sí i lẹ́nu. Àwọn tó ń dì í nímú rọ oúnjẹ fún un ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu, kódà bó bá jẹ́ ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é.

Ti orúkọ wá kù, ọ̀rọ̀ yìí sì gbóná ní Ìlọrin. Mùsùlùmí tó bá gba ọmọ tọ́ kò gbọdọ̀ yọ orúkọ bàbá tó bí i kúrò. Súrà 33 ẹsẹ̀ 5 ló sọ bẹ́ẹ̀. Kafala, ìyẹn kéèyàn tọ́ ọmọ láìsọ ọ́ di ọmọ bíbí inú rẹ̀, ni ẹ̀sìn mọ̀, abala 20 nínú àdéhùn 1989 yẹn sì dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ kafala nìkan kì í sábà tó ìgbàtọ́ lójú Amẹ́ríkà. Ìlànà ìdílé kan tó mọ́gbọ́n dání ni pé kí wọ́n gba àṣẹ kóòtù, kí wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ sáàárín orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ wásíyà (ìwé ìhágún) sílẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ogún lọ, torí ọmọ náà kò ní jogún wọn nínú ẹ̀sìn. Bí ìyá bá fún un lọ́mú kó tó pé ọdún 2, ó di ọmọ rẹ̀ nípa ọmú, mázíhábù Màlíkì (ìlànà òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan) kò sì béèrè iye ìgbà. Kí wọ́n yẹ HIV tìyá-tọmọ wò kí ọmú tó kan ẹnu.

Ẹni tó wá yẹ ilé yín lókè òkun wò náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ tóótun láti gba ọmọ tó ní irú àìlera yìí gan-an. Bí ó bá kọ "ọmọ tí ara rẹ̀ dá", tí ẹ sì mú ọmọ oníwárápá wá, ẹ ó ní láti tún ìwé náà ṣe. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, oògùn wárápá gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, torí dídá a dúró lójijì lè mú kí gìrì dé léraléra. Bí ọmọ bá fi físà IR-3 (ti ọmọ tí ìgbàtọ́ rẹ̀ ti parí nílé) wọ Amẹ́ríkà, tí kò tíì pé 18, ó ti di ọmọ ìlú. IR-4 sì ń béèrè kí ẹ tún parí ìgbàtọ́ ní kóòtù ìpínlẹ̀ yín. Ẹ parí rẹ̀ kó tó pé 18, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú fún un, torí òfin tó ń fúnni ní àǹfààní yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 27 February 2001, kò kan ẹni tó ti kọjá ọjọ́ orí yẹn.