Ẹ fi etí iyọ̀ hàn wá kí ẹ tó gbẹ́ ihò sí i

Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni ilẹ̀ jìn ní Bayou Corne, Louisiana, nígbà tó yá igi ńláńlá ń wọlẹ̀ lọ ní ìdúró, bíi 350 èèyàn ni wọ́n sì ní kó kúrò nílé. Ìjì kọ́ o. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè máa fa omi iyọ̀ ni ògiri ẹ̀ wó, ó ti sún mọ́ etí iyọ̀, ìyẹn ibi tí iyọ̀ parí sí, jù. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni wọ́n wá lọ ṣe seismic 3D, ìyẹn fífi ìró ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀, kí ló ń dí wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀?

Tiwa ò ju èyí lọ: kí ìjọba kankan má fún ẹnikẹ́ni ní làísẹ́ǹsì láti gbẹ́ ihò sínú iyọ̀, ì báà ṣe epo, gáásì tàbí háídírójìn ló fẹ́ kó sí i, àfi tó bá ti ya àwòrán etí iyọ̀ yẹn, tí àwọn tí kì í gbowó oṣù lọ́dọ̀ ẹ̀ sì ti bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Torí iyọ̀ yìí, ẹlẹ́tàn ni. Tí wọ́n bá ń ṣe seismic, wọ́n á gbọn ilẹ̀, ìró á wọlẹ̀ lọ, á kan òkúta, á padà, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tò sílẹ̀ á gbọ́ ọ. Àmọ́ nínú iyọ̀, ìró ń sáré tó bíi mítà 4,500 ní sẹ́kọ́ńdì kan, nínú amọ̀ àti yanrìn tó yí i ká ó lè má ju 2,000 sí 3,000 lọ, ló bá máa ń tẹ̀ bí ọ̀pá tí wọ́n kì bọ omi. Etí iyọ̀ náà tún máa ń dúró ṣánṣán, nígbà míì orí ẹ̀ á yọ síta ju ìdí lọ, ìró tó bá bà á á kàn gba ibòmíì lọ ni, ẹ̀rọ tó ń dúró dè é lókè ò ní gbọ́ nǹkan kan. Èèyàn ló máa wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, táá fa ìlà pé ibí ni iyọ̀ parí sí, tó bá sì fà á gba ibi tí kò yẹ, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ló máa kúrò láyè ẹ̀ nínú àwòrán. (Ẹ má sọ fún wa pé AI á bá wọn ṣe é, ìlà tọ́wọ́ èèyàn fà náà ni AI sábà fi ń kọ́ṣẹ́.)

Ọ̀nà àbáyọ wà, kì í tiẹ̀ ṣe tuntun: kí wọ́n sọ geophone, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ilẹ̀, sínú kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ìró tó bá gba inú iyọ̀ kọjá á fi ibi tó ti jáde hàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ihò á ní ó wọ́n. Ẹ lọ wo Maceió ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ lábẹ́ ìlú tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ mì lọ́dún 2018, ilé sán, àwọn tó kó jáde lé ní 50,000, ṣé ìyẹn ò wọ́n ni?

Wọ́n á tún ní àṣírí òwò ni dátà. Tó bá jẹ́ epo ni wọ́n ń wá, a gbà, ṣùgbọ́n etí iyọ̀ tó wà lábẹ́ ilé ẹni ẹlẹ́ni, àṣírí ta ni? Dátà F3, ìyẹn dátà seismic tí Netherlands ní láti abẹ́ Òkun Àríwá, wà níta, ẹni tó bá wù ú lè download ẹ̀, òwò epo ò sì kú.

A ò ní kí wọ́n má gbẹ́. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kó háídírójìn pa mọ́ sínú ihò iyọ̀ ní Teesside, England. Àmọ́ àwọn ihò àtijọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ padà lọ yẹ̀ wò, torí òmíì nínú wọn, wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí 3D tó dáyé.