Akólòlò Tó Ń Pe Bàbá

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí, a ó pa á fún un. Ẹni tó ń retí ọmọ, a ó pa á fún un. Ẹni náà á ṣe àmín, á padà sílé lọ jókòó. Ibi ìjókòó yẹn gan-an ni èmi ti ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò, torí ó jọ pé "bó pẹ́ bó yá" nìkan là ń gbọ́ nínú òwe náà.

Ẹ wo akólòlò yẹn dáadáa. Kò panu mọ́. "Ba-ba-ba" ló ń wí látàárọ̀, àwọn ọmọdé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, òógùn bò ó lójú, síbẹ̀ kò jáwọ́. Ká ní ó dákẹ́ ni, ogún ọdún kò ní mú un pe bàbá.

Ẹni tí òwe yìí máa ń mú wá sí mi lọ́kàn ni Innokenty Smoktunovsky, òṣèré ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i sí ilé àgbẹ̀ ní abúlé Tatyanovka, ní Sàìbéríà. Ebi lé wọn kúrò lábúlé, ọ̀dọ̀ arábìnrin bàbá rẹ̀ ní ìlú Krasnoyarsk ló sì ti dàgbà. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, bàbá rẹ̀ lọ, kò padà bọ̀. Òun náà wọṣẹ́ ológun ní 1943. Ó jà ní Kursk, ó wà lára àwọn tó la odò Dnieper kọjá nígbà tí ọta ìbọn ń rọ̀ bí òjò. Ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọwọ́ àwọn ará Jámánì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ìdílé kan ní abúlé kan ní Ukraine sì fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ ikú ni ẹ̀san irú àánú bẹ́ẹ̀ bí ọ̀tá bá gbọ́. Ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ó tún padà sójú ogun, ó sì jà dé ilẹ̀ Jámánì.

Akọni ni à bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé Stalin, olórí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì nígbà náà, ọmọ ogun tí ọ̀tá bá mú láàyè ti di afurasí nílé. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè wá gbé e. Kí ló ṣe? Ní 1946 ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Norilsk lọ, ìlú kan lókè pátápátá nílẹ̀ òtútù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹlẹ́wọ̀n wa kùsà níkẹ́lì, ó lọ ń ṣe tíátà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà: ibi tí wọ́n ń lé èèyàn lọ nìyẹn, ẹni tó bá ti wà níbẹ̀, ibo ni wọ́n tún máa lé e sí? Níbẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ti yí padà, Smoktunovich di Smoktunovsky. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ti tirẹ̀, ojú ọjọ́ ni wọ́n wò.

Ọdún márùn-ún ló lò nínú òtútù yẹn. Òṣèré kan tó ń jẹ́ Georgy Zhzhonov, tí ìjọba lé lọ síbẹ̀, wà lára àwọn tó ń tì í pé kó kúrò, kó wá ibi tí ayé á ti rí i. Ó lọ sí Makhachkala, ó lọ sí Stalingrad. Ayé ò rí i. Ní 1955 ó dé Moscow, ó ń kan ilẹ̀kùn tíátà kan dé òmíràn, wọ́n ń ní kó máa lọ. Àwọn alẹ́ kan wà tó jẹ́ ibi àtẹ̀gùn ilé olílé ló sùn. Aṣọ tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín ló wọ̀ kiri, kódà nígbà ooru, torí kò ní òmíràn. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

Mikhail Romm, olùdarí fíìmù, ló wá fún un ní ipa kékeré kan, ká pajú ká là á ló jẹ́. Wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n yí kámẹ́rà sí i, ọ̀rọ̀ sì há a lọ́fun. Wọ́n tún un yà, ó tún há. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Romm ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í yẹ̀ wò. Akólòlò nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá tó ń pè ńkọ́? Bí bàbá bá ti bá tirẹ̀ lọ, ta ni yóò jẹ́? Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ̀yin lòwe yìí ń bá wí pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ọmọ bá kọsẹ̀, a ti lé e lọ, a sì tún máa pa òwe sùúrù fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Georgy Tovstonogov, olùdarí tíátà ní Leningrad, náà dúró gbọ́. Ojú Smoktunovsky nínú fíìmù ológun kan ló rí tó fi pè é wá ṣe Ọmọọba Myshkin nínú eré tí wọ́n fà yọ látinú ìwé Dostoevsky, ọkùnrin onínúure kan tí ayé ń pè ní òpè. Ìgbáradì náà ò lọ dáadáa rárá. Àfi lọ́jọ́ kan tí Smoktunovsky rí ọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ fíìmù Lenfilm, tó dá dúró láàárín ariwo èrò, tó ń kàwé bíi pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá gbọ́ pé ọkùnrin náà ti pẹ́ lẹ́wọ̀n. Myshkin nìyẹn! Ní ọjọ́ 31, Oṣù Kejìlá, 1957, wọ́n ṣí eré náà, orúkọ Smoktunovsky sì gba ìlú kan.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ó ṣe Hamlet, ọmọọba inú eré Shakespeare, nínú fíìmù tí Kozintsev darí ní 1964, ó gba Ẹ̀bùn Lenin, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀bùn tó ga jù nílẹ̀ wọn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1966, nínú fíìmù mìíràn, ó tún ṣe ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jí mọ́tò àwọn oníwà ìbàjẹ́, tó ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ọmọ aláìlóbìí. Tíátà ni ọkùnrin náà ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, ipa tó sì ń kó níbẹ̀ ni Hamlet. Inú mi máa ń dùn sí àwàdà yẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ pé ìyà ló sọ ọ́ di ńlá. Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ akólòlò ló kú sí Norilsk tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn wọn, kì í sì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú.

Ní 1975, Andrei Tarkovsky, olùdarí fíìmù ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, gbé fíìmù kan jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, akólòlò ni: ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú obìnrin kan tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ há, obìnrin náà di orí rẹ̀ mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí ọmọ náà fi sọ ketekete pé òun lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà, a ò rí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, ohùn Smoktunovsky.