Èsì wa fún oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 lórí moulding ògiri pálọ̀

Ẹ kú àtúnṣe ilé o, mà. Ẹ sì kú ìnáwó.

A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa moulding onífóòmù, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa fún pálọ̀ ilé ẹbí yín ní Ìtokò, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ ní ọ̀pá 12 tí a kà fún yín kò tó. Ẹ ní gọ́ọ̀mù wa kò dára, torí ẹyọ mẹ́ta ti já lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ní àwọn igun ti là, káfíńtà yín sì sọ pé ayédèrú fóòmù ni a tà fún yín. Ẹ tún mẹ́nu bà á pé ògiri tó kọ ẹ̀yìn sí àpáta máa ń tutù nígbà òjò. A fara balẹ̀ wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fi sí i.

Lórí ọ̀pá 12 yẹn, ẹ̀bi wa ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Lórí gọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, torí bí ẹ bá kàn ra òmíràn tí ẹ tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yẹn bó ṣe wà, yóò tún já.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó jẹ́ tiwa. Ògiri mẹ́ta ni ẹ fẹ́ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Àpótí, ìyẹn férémù onígun mẹ́rin tí a fi moulding to, mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ fẹ́ lórí ògiri kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo íǹṣì 6. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ íǹṣì 144. Àlàfo mẹ́rin gba 24 níbẹ̀, ó ku 120, àpótí kọ̀ọ̀kan wá fẹ̀ ní íǹṣì 40, ó sì ga ní 23 ààbọ̀. Títí dé ibẹ̀, ìṣirò pé. Ibi tí a ti ṣì í ni pé ẹni tó dá yín lóhùn ro gbogbo íǹṣì náà pọ̀, ó jẹ́ 1,143, ó fi 96 tó jẹ́ gígùn ọ̀pá kan pín in, ó rí 11.9, ó sì kọ 12 fún yín. Ṣùgbọ́n moulding kì í ṣe aṣọ téèyàn lè rán ègé rẹ̀ pọ̀. Ẹyọ oní-40 méjì péré ló lè jáde nínú ọ̀pá kan. Íǹṣì 16 tó ṣẹ́kù kò wúlò fún ohunkóhun nínú iṣẹ́ yín. Ẹyọ oní-40 jẹ́ 18, ọ̀pá 9 ni wọ́n gbà. Ẹyọ oní-23 ààbọ̀ náà jẹ́ 18, mẹ́rin-mẹ́rin ń jáde nínú ọ̀pá kan, ọ̀pá 5 ni tiwọn. Àpapọ̀ rẹ̀ 14, ká sì fi ọ̀kan kún un nítorí àṣìgé, 15. Ọ̀pá mẹ́ta ni a jẹ yín.

Ẹlòmíì tó ń ka èyí lè fẹ́ bi wá ìdí tí a fi ń sọ 23 ààbọ̀, tí a kò sọ 24 tó pé. 24 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 96 géérégé, ṣùgbọ́n ayùn náà ń jẹ díẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá gbà kọjá, etí ọ̀pá sì máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà, ó di dandan kí wọ́n gé e kúrò. Ẹni tó bá wọn 24 yóò rí i pé ẹyọ kẹrin kò pé. Ìdajì íǹṣì tí ẹ yọ kúrò nínú gíga kò hàn sí ojú ẹnikẹ́ni lórí ògiri, odindi ọ̀pá kan ló sì ń dá padà fún yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Bí moulding bá já, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbá a dànù. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tó tú lára ohun.

Fọ́tò yín kejì ni ẹyọ tó já lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí, kò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: awọ funfun tín-ín-rín kan wà lórí gọ́ọ̀mù náà, ó rí bí èèpo àlùbọ́sà, etí rẹ̀ ń ká sókè. Awọ yẹn kì í ṣe gọ́ọ̀mù, screeding ògiri yín ni, ìyẹn ohun funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ògiri kó lè dán kí wọ́n tó kùn ún. Gọ́ọ̀mù di moulding mú, ó di screeding mú, screeding ni kò di símẹ́ńtì ògiri mú. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n fa screeding sórí ògiri tí eruku rẹ̀ kò tíì kúrò, tàbí sórí ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń yọ lẹ́búlẹ́bú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri náà, kí ẹ fi ọwọ́ yẹn kan aṣọ dúdú. Bí ó bá funfun bí ẹni fọwọ́ kan ẹfun, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè dúró lórí rẹ̀, ì báà ṣe èyí tó wọ́n jù lọ́jà.

Fọ́tò kẹta yàtọ̀ pátápátá, òun gan-an ló sì ká wa lára jù. Àwọn ẹyọ méjì tó já lápá ilé ìdáná nìyẹn. Kò sí awọ kankan lẹ́yìn wọn. Gọ́ọ̀mù ṣì ń dán, a tilẹ̀ rí ipa ìka ẹni tó fọwọ́ kàn án, tó fi hàn pé ó ṣì rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wá wo ògiri fúnra rẹ̀: láti ilẹ̀ dé bí ìbàdí, ọ̀dà olóróró tó ń dán ni wọ́n kùn, irú èyí tí a máa ń kùn kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà ba ògiri jẹ́, kó sì ṣeé fi omi nù. Gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ rà jẹ́ olómi. Kó tó lè le, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde, ó kéré tán ní apá kan. Fóòmù kì í fa omi, ọ̀dà olóróró náà kì í fa omi. Omi náà há sáàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé gọ́ọ̀mù náà bàjẹ́, kò tíì gbẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ni. Ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri yẹn gan-an sì ni àpótí yín wà. Ó yẹ kí a ti bi yín léèrè irú ọ̀dà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa bi gbogbo ẹni tó bá wá ra moulding.

Fọ́tò kẹrin, ẹyọ tí etí rẹ̀ rì wọnú bí ike tí iná rà. Ike gọ́ọ̀mù 300 mílílítà kan, bí wọ́n bá fà á ní nípọn mílímítà 6, kò ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, ìyẹn ọ̀pá mẹ́rin. Ike méjì ni ẹ rà, ọ̀pá 14 sì ń gba mẹ́rin. Ó hàn pé nígbà tó tán, òṣìṣẹ́ yín fi gọ́ọ̀mù pupa rẹ́súrẹ́sú olóòórùn líle kún un, èyí tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò. Èròjà tó wà nínú gọ́ọ̀mù yẹn máa ń jẹ fóòmù bí epo bẹntiróòlù ṣe ń jẹ ẹ́. Kò sí fóòmù irú èyí, àtàtà tàbí gbàrọgùdù, tí kò ní yọ́ sí i. Ẹ kán an sórí ègé tó ṣẹ́kù, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ ó rí ihò. Ní ti ayédèrú tí káfíńtà wí, ẹ wo ojú ibi tí ọ̀pá bá ti ṣẹ́: fóòmù hẹ́bẹhẹ̀bẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, máa ń fọ́ sí hóró róbótó-róbótó. Ojú èyí tí ẹ rà máa ń dán dọ́gba, ihò ara rẹ̀ kéré bíi ti búrẹ́dì tó ki.

Igun tó là nínú fọ́tò kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ògiri yín ló wọ́. Ó ṣeé ṣe kó wọ́ lóòótọ́, ilé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n àpótí orí ògiri pẹrẹsẹ kò gbára lé igun ilé. Igun tirẹ̀, ẹyọ mẹ́rin tó para pọ̀ ló dá a. Bí ó bá là, ohun méjì ni: bóyá ayùn kò gé dìgírì 45 géérégé, bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ kò gùn dọ́gba. Ìdámẹ́jọ íǹṣì kan péré tí ọ̀kan fi gùn ju ìkejì lọ ti tó láti ṣí igun sílẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹyọ méjèèjì lé ara wọn kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fìka kan etí wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to àpótí náà sílẹ̀, kí wọ́n wọn ọ́n láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, àti láti òkè òsì dé ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Fún àpótí tó fẹ̀ ní 40, tó sì ga ní 23 ààbọ̀, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 46 àti díẹ̀ lé ní ìdámẹ́ta. Bí ọ̀kan bá ju ìkejì lọ, àpótí yẹn ti fì. Ayùn tí wọ́n fi ń gé irin ni kí wọ́n lò, eyín rẹ̀ wẹ́. Ayùn pákó máa ń ya fóòmù ni.

A tún rí silicone, ìyẹn ohun bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń dí àlàfo, nínú àwọn igun náà. Ọ̀dà emulsion, ìyẹn ọ̀dà olómi, kì í mú silicone, yóò máa sá kúrò lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi acrylic filler dí i, èyí tó ń gba ọ̀dà.

Báyìí ni kí wọ́n ṣe tún un ṣe. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà moulding náà sórí ògiri. Moulding yín fẹ̀ ní íǹṣì kan ààbọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha ìwọ̀n íǹṣì kan láàárín ìlà náà kí ohun tí wọ́n ha má baà yọjú. Ní ibi screeding tó ń yọ lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n ha á títí wọn yóò fi rí símẹ́ńtì. Ní ibi ọ̀dà olóróró, kí wọ́n fi sáńdípépà 80 ha dídán rẹ̀ kúrò, kí wọ́n wá fi ẹnu ọ̀bẹ fín in ní àgbélébùú-àgbélébùú wọnú screeding, kí gọ́ọ̀mù lè ríbi mí. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nu eruku, kó gbẹ. Ìlà gọ́ọ̀mù kan ní àárín ẹ̀yìn moulding ti tó, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lójú igun méjèèjì, torí igun tí kò ní gọ́ọ̀mù lójú ló kọ́kọ́ ń là. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí díẹ̀ yóò fi yọ létí, kí wọ́n nu ìyẹn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wá fi masking tape dì í mú ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìkejì, di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n to ọ̀pá sínú oòrùn kí wọ́n tó gé e, ó máa ń gùn díẹ̀, yóò sì sún kì tó bá tutù.

Ògiri tó kọ ẹ̀yìn sí àpáta nìkan ni a bẹ̀ yín pé kí ẹ dá dúró ná. Ilé púpọ̀ l'Ábẹ́òkúta ló fara ti òkúta báyẹn, omi òjò máa ń gba ara àpáta sọ̀ kalẹ̀ wọ ìdí ògiri. Fóòmù kò ní jẹrà, ṣùgbọ́n screeding tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò rọ̀. Ẹ gé nylon tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri yẹn pinpin, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn nylon, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri ló ti ń wá. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, moulding á wá tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ ojú nylon tó kọ sí yàrá ni omi wà, atẹ́gùn ilé ló fà á, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀pá mẹ́ta tí a jẹ yín àti ike gọ́ọ̀mù méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Ẹni tí ẹ bá rán wá kò ní san kọ́bọ̀. Bí ọ̀kadà ni yóò bá gbé e, kó mú pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 dání, kó di ọ̀pá náà mọ́ ọn níbi mẹ́ta kó tó gbéra, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtokò máa ń ṣẹ́ ẹ láàárín.