Ṣé olóṣèlú ni EBRD ń kó owó fún ní Ukraine?

Bí ìròyìn bá ti jáde pé báńkì ìdàgbàsókè kan yá Ukraine lówó, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé: "Àwọn olóṣèlú ti tún rówó jẹ nìyẹn." Mi ò bá wọn jà, ojú wa ti rí màbo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ EBRD, ìyẹn Báńkì Yúróòpù fún Àtúnkọ́ àti Ìdàgbàsókè, ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1991 ni báńkì yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì ń wó ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Lọ́hùn-ún, ìjọba ló ni ilé búrẹ́dì, òun ló ni ilé iṣẹ́ bàtà, òun náà ló ni báńkì. Kí aládàáni lè dá dúró ni wọ́n ṣe dá EBRD sílẹ̀. Òfin rẹ̀ sọ ọ́ kedere: nínú gbogbo owó tó bá ná, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba àti ilé iṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ fojú inú wo oníbúrẹ́dì kan ní Lviv, ìlú kan ní Ukraine, lásìkò ogun yìí. Ìyẹ̀fun tó ti pò ń wú lọ́wọ́, iná lọ, torí Rọ́ṣíà tún ti ju bọ́ǹbù lu ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ó nílò jẹnẹrétọ̀. Ó lọ bá báńkì ìlú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń ba báńkì: bí bọ́ǹbù bá bọ́ lu ilé búrẹ́dì ńkọ́? Ibẹ̀ ni EBRD ti ń ṣe onídùúró. Á bá báńkì náà ṣàdéhùn pé bí irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ò bá rí gbèsè san, òun á gbé nǹkan bí ìdajì àdánù náà. Owó báńkì ìlú rẹ̀ ni oníbúrẹ́dì gbà. Tòun tèlé ló sì máa dá a padà! Kò sí minisítà kankan láàárín wọn.

Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ìjọba náà ń yáwó níbẹ̀. Ukrenergo tó ń gbé iná káàkiri wà lára wọn, gbèsè sì ni tiwọn náà.

Nàìjíríà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ní ìpín nínú EBRD ní 2025. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, báńkì tẹ́ ẹ ń lò ni kí ẹ lọ bi: ìgbà wo ni irú onídùúró yẹn máa kàn wá?